Kí Ló Ń Dí Ihò Eyín Tí A Yọ?



Àwọn kan ń polówó kọ́lájẹ̀nì inú agolo pé ó ń mú kí egbò ẹnu tètè jinná. Kí ni kọ́lájẹ̀nì? Òun ni okùn tí Ẹlẹ́dàá fi so awọ, egungun àti erìgì wa pọ̀. Pọ̀nmọ́ kún fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ẹ́, ikùn yóò lọ̀ ọ́ bíi oúnjẹ yòókù ni. Kì í gba ọ̀nà ọ̀fun lọ dí ihò eyín.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò náà ni ìpìlẹ̀ ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ara ti ń hun kọ́lájẹ̀nì tuntun, kí egungun tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹ fi eyín di òwú tí dókítà fi síbẹ̀ mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Fún wákàtí 24, ẹ má fi omi ṣan ẹnu, ẹ má sì fi ìka tọ́ ọ. Ẹ yàgò fún sìgá. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣí kúrò, egungun á wà ní ìhòòhò, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, dókítà eyín lè fi kànrìnkàn kọ́lájẹ̀nì sínú ihò náà. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ ọ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti oníkiri.

Ara kò sì lè hun okùn yìí dáadáa láìsí fítámìn C. Ní 1747, ọsàn ni James Lind fi wo àwọn atukọ̀ tí erìgì wọn ń jẹrà. Èso kajú ní fítámìn yìí ju ọsàn lọ. Síbẹ̀, nínú oko kajú, kóró la sábà ń kó tà, èso a máa jẹrà nílẹ̀!

Ẹ̀yin ará, tálákà ló ń jókòó síwájú ayọyín ẹ̀gbẹ́ ọjà tí kò kọ́ṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí kò mọ ilé ìwòsàn: láti 1907 ni ti Onítẹ̀bọmi ti wà, èyí tó di Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Bowen ní 2009. Òfin 2022 sì ní kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ẹ jẹ́ ká béèrè ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ìjọba, kó má jẹ́ orí ìwé lásán. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, owó tí à bá fi ra agolo, ẹ jẹ́ ká fi gbé aládùúgbò wa dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín.