Ẹ Dá Ínjẹ́kítọ̀ Ọkọ̀ Bàbá Mi Padà

Àpò sìmẹ́ǹtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ní Aṣéjìrè. Ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rin, pọ́ǹpù epo kan àti wáyà rúdurùdu ló wà nínú rẹ̀. Ara píkọ́ọ̀pù bàbá mi ni wọ́n ti yọ wọ́n lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi kabúrétọ̀ rọ́pò wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ìkirè àti Àpòmù, wọn á ní ohun tó yẹ ká ṣe nìyẹn, pé ọ̀nà oko kò fẹ́ ínjẹ́kítọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. N kò ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún wa o, ṣùgbọ́n owó àṣìṣe náà ń jáde lápò wa lójoojúmọ́.

Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni bàbá mi ń kó jáde láti abà. Irú àgbagbà bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá Ìkirè fi ń dín dòdò tí ẹ̀yin ń rà lójú títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Títì yẹn ní ọ̀dà. Ọ̀nà abà kò ní in: kòtò, gbòǹgbò igi àti òkè ló kún ibẹ̀.

Lóṣù Ọ̀wàrà, à ń gun ọ̀kan nínú àwọn òkè náà, èmi àti àbúrò mi jókòó lórí àpò kòkó lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú. Bàbá mi tẹ bíréèkì. Nígbà tó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti le bí òkúta, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Igi kòkó kan ló dá wa dúró.

Kí ló pa ẹ́ńjìnnì? Nínú kabúrétọ̀, àwo kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Ohun kan tó ń léfòó nínú rẹ̀ ló ń dí ẹnu ọ̀nà epo bí àwo bá ti kún dé ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré wọ ẹ́ńjìnnì ló wá ń fa epo jáde láti ojú ihò tín-ín-rín. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ru omi gun òkè rí, ẹ mọ̀ pé omi kì í dúró lójú kan. Bí ọkọ̀ bá dagun, epo inú àwo á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ojú ihò lè gbẹ, tàbí kí epo ya wọlé ju bó ti yẹ lọ. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè pa ẹ́ńjìnnì. Ínjẹ́kítọ̀ kò ní àwo. Pọ́ǹpù ló ń fi agbára ti epo wá láti inú táńkì, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain-box sì ń ṣí i, ó ń pa á dé, kí ojú tó ṣẹ́. Ọkọ̀ ìbáà dagun, ìbáà dọ̀gbun, ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì nílò ló ń rí.

Wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe kabúrétọ̀ ni Peugeot 504 lò?" Òun ló lò. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1968, wọ́n ń ta èyí tó ní ínjẹ́kítọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń pè ní àjèjì yìí ti dàgbà ju bàbá mi lọ!

Ọjọ́ tí ọkọ̀ wa kọ̀ tí kò ṣíná, ọ̀gá mẹkáníìkì kan wò ó díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ wàhálà yìí kúrò, kí ọkàn yín balẹ̀." Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́ yín." Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gbé àpò yẹn lọ bá olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní físíìsì. Wọ́n fi bátìrì kan àwọn ínjẹ́kítọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dún tá, tá. Wọ́n fi kan pọ́ǹpù, kò mira. Pọ́ǹpù nìkan ló jóná!

Àwa fúnra wa la sì jó o. Epo inú táńkì ló ń mú kí pọ́ǹpù tutù, àwa sì ń fi epo bíńtín rìn. Ta ló máa bú wa? Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Èbìbí 2023, lítà kan kò tó 200 náírà; nígbà tó fi máa di oṣù Agẹmọ, ó ti kọjá 600. Ẹni tí kò lówó á máa ra lítà méjì-méjì. Ṣùgbọ́n owó epo yìí gan-an ló yẹ kó lé wa sá fún kabúrétọ̀: epo tó ń gbé wa lọ sí abà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀ kò pé ìgbà méjì mọ́.

Mo gbà pé ẹni tó wà láàárín igbó lè fi síkúrúdíráfà tú kabúrétọ̀, kó fi ẹnu fẹ́ ìdọ̀tí ojú ihò rẹ̀ dànù, kó sì máa lọ. Ínjẹ́kítọ̀ kò gba irú ìyẹn. Epo ìdọ̀tí ni ọ̀tá rẹ̀, epo inú kẹ́ẹ̀gì wa kì í sì í mọ́. Ṣùgbọ́n fílítà wà, aṣọ tí a lè fi sẹ́ epo náà wà. Epo burúkú tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó wọ̀lú lóṣù Èrèlé 2022, kò sì yọ ẹlẹ́ńjìnnì kabúrétọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì bí wọ́n ṣe ń yẹ pọ́ǹpù wò kí wọ́n tó mú sípánà. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, bí owó kòkó bá ti wọlé, ẹ jẹ́ ká ra pọ́ǹpù àti fílítà tuntun, ká dá gbogbo ẹrù inú àpò yẹn padà sára ọkọ̀. Brain-box nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ló wà. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wá a.