Ilé Sàdáúnà ní Kàdúná: Ẹ Má Dúró sí Gbọ̀ngàn

Ọdún 11 ni mo ti lò ní Kàdúná kí n tó mọ inú ilé kan tí mo ti jẹun nínú ọgbà rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ilé náà ni Arewa House, ní òpópó Rabah, níbi tí Sir Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, gbé nígbà tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba Àríwá. Gbọ̀ngàn ìpàdé wà níbẹ̀ fún àpérò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. A ó wọlé, a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, a ó gba oúnjẹ inú páálí, a ó sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa relé. A kì í yà sí ilé fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọ iléèwé mi ni wọ́n mú mi wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ̀wé sí àwọn òbí, bàbá kan, ọmọ Yorùbá bí tiwa, wá bá mi. Ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ má bínú o. Kí ló kàn wá nínú ilé olóṣèlú Haúsá tó ti kú? Ṣé kò ní di pé à ń bọ òkú báyìí?" (Fúlàní ni Sàdáúnà, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn lórí ìyẹn.) N kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò yẹ kí Mùsùlùmí fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹbọ. Mo rán an létí pé nínú Súrátù Rúùmù, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí a rin ilẹ̀, kí a wo àtubọ̀tán àwọn tó ṣáájú. Wíwò kì í ṣe bíbọ.

Ní ti pé kò kàn wá, mo ní, "Àlàájì, ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1966, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ ọkọ̀ òfurufú wá bá Sàdáúnà ní Kàdúná, ó kìlọ̀ fún un pé ewu ń bọ̀. Ó padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Òru ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa àwọn méjèèjì." Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí ìwé ọmọ rẹ̀.

Àwòrán pọ̀ nínú ilé náà. Ìlú Rabah ni wọ́n ti bí Sàdáúnà, ìran Ṣéhù Usman dan Fodio sì ni. Ó kàwé ní Katsina, ó sì ṣe olùkọ́ ní Sókótó kí ó tó di olóyè; kí n má parọ́, inú mi dùn sí ìyẹn. Ní 1962 ni Jama'atu Nasril Islam bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà ni Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí ní Zaria. Ilé náà ti wà lábẹ́ Yunifásítì yẹn tipẹ́. Olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdullahi Smith, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ìsìláàmù.

Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín àwọn ọmọ kò dáwọ́ dúró títí a fi dé ọ̀rọ̀ òru yẹn. Oṣù Rámádánì ni. Kò tí ì pẹ́ tí Sàdáúnà ti Úmúrà dé. Nígbà tí ẹni tó ń mú wa káàkiri ń sọ bí àwọn ṣọ́jà ṣe wọlé, gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá sọ pé wọ́n pa ìyálé rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ sókè: "Ùsítáàsì, kí ni ìyá yẹn ṣe?"

N kò rí ìdáhùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn oṣù kìíní ọdún 1966. Mo mọ orúkọ àwọn olóṣèlú tó kú àti ti àwọn ọ̀gá ṣọ́jà, mo sì ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè lórí wọn nínú ìdánwò. N kò dárúkọ obìnrin yẹn rí. Bí ìpàdé bá tún gbé yín dé ọgbà yẹn, ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yà wọlé kí ẹ tó wá ọkọ̀.

Bí a ṣe ń jáde, àwọn èèyàn ti ń to àga sínú gbọ̀ngàn fún ìpàdé kan. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìyá náà. Mo pè é fún un díẹ̀díẹ̀: Hafsatu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ sí ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi nígbà tí mo délé.