Windows tuntun dé, ojú kọ̀ǹpútà fọ́ ní Ṣómólú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Onípáànù lọ sí Ṣómólú lọ tẹ ìwé ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó, bí ọmọ tó ń ya iṣẹ́ yín bá ní kò tíì jáde, ẹ má tíì bú u. Látìgbà tí Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, làwọn tó ń fi tòkunbọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ní Bàrígà ti há sáàárín: kí wọ́n dúró lórí ti àtijọ́, káwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ráyè wọlé, tàbí kí wọ́n gbé Windows 11 lé e.

Windows 11 ọ̀hún ò gba gbẹ̀rẹ́. Káàdì àwòrán tó bá mọ DirectX 12 ló ń fẹ́. Àwọn enjiníà kan á ní àwọn gbọ́n, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé. Wàhálà dé nìyẹn. Dírafà ni ògbufọ̀ láàárín káàdì àti Windows. Bí Windows bá yí èdè padà, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì ò ṣe ògbufọ̀ tuntun, wọn ò gbọ́ra wọn mọ́. Lẹ́tà á wú bàǹbà, CorelDRAW á máa wọ́ bí ìgbín. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí Vista dé lọ́dún 2007.

“Bọ̀dá, ọ̀la mà ni ìsìnkú màmá mi!”

“Mọmi, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ò ríran ni.”

Ọjọ́ 10 péré ni Windows 11 fún èèyàn láti padà sẹ́yìn láìpàdánù iṣẹ́ ẹ̀, bí wọn ò bá ti pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì gan-an ni kí wọ́n ti wá dírafà, kì í ṣe inú fíláàṣì ẹni ẹlẹ́ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, káàdì mìíràn ni. Owó nìyẹn o.