Ta ló pa eré Twin Peaks? Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 30, ẹjọ́ náà kò tíì tán

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni bàbá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ láti lọ pẹja, ló bá rí ohun kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé létí omi. Òkú ènìyàn ni. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, tí wọ́n ṣí ọ̀rá náà kúrò lójú rẹ̀, wọ́n rí i pé Laura Palmer ni, ọmọ iléèwé girama tí tọmọdé tàgbà ìlú náà fẹ́ràn, tí kálukú sì rò pé òun mọ ìwà rẹ̀. Bí eré àtìgbàdégbà tí wọ́n pè ní Twin Peaks ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ABC nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, ọdún 1990. Àwọn tó jókòó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní mílíọ̀nù 34. Ṣùgbọ́n kò ju oṣù 14 lọ lẹ́yìn náà tí ABC fi gbé e kúrò lórí àtẹ pátápátá, nígbà tí ìtàn náà ṣì wà láàárín ọ̀nà.

Láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, ni ọ̀rọ̀ eré yìí ti tún padà sẹ́nu àwọn ènìyàn, nítorí ìgbà náà ni David Lynch, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì tó dá a sílẹ̀, jáde láyé, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 79. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ń bi ara wọn ni pé ta ló pa Laura Palmer. Èyí tí wọ́n ń bi ara wọn báyìí ni pé ta ló pa eré náà fúnra rẹ̀, nítorí ó jọ pé àìsàn nìkan kọ́ ló pa á.

Ẹni tí kò bá wò ó rí lè máa rò pé kí ló tilẹ̀ wà nínú eré kan tí wọ́n dá dúró. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ bí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ń rí lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà. Láàárín wákàtí kan péré, ẹnì kan yóò kú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò dé, yóò fọ̀rọ̀ wá ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́nu wò, kí òǹwòran sì tó dìde lọ sùn, wọn yóò ti mú apànìyàn. Bí eré Murder, She Wrote, tó gbajúmọ̀ púpọ̀ lásìkò kan náà, ṣe máa ń lọ nìyẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òkú inú irú eré bẹ́ẹ̀ kò ju àlọ́ àpamọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í sunkún rẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìyàtọ̀ tí Lynch àti ẹnì kejì rẹ̀, Mark Frost, mú wọ inú iṣẹ́ náà ni pé wọ́n jẹ́ kí wọ́n sunkún Laura. Níbi tí mo ti mọ̀ pé eré yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù ni ibi tí ìyá Laura ti ń wá ọmọ rẹ̀ kiri lórí tẹlifóònù. Ó pe ọkọ rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú wọlé dé. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohunkóhun tí bàbá ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá náà mọ̀ láti inú bí ọkọ rẹ̀ ṣe dákẹ́, ló bá figbe ta. Tẹlifóònù bọ́ lọ́wọ́ bàbá, kámẹ́rà rọra tẹ̀ lé okùn rẹ̀ sísàlẹ̀, igbe ìyá ọmọ sì ń jáde nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti túfọ̀ ọmọ fún òbí rí yóò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Frost ti kọ eré púpọ̀ fún tẹlifíṣàn kó tó di pé òun àti Lynch pàdé, ó sì wà lára àwọn tó kọ Hill Street Blues, eré àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ fún léraléra. Sinimá ni Lynch ti wá ní tirẹ̀, òun ló darí The Elephant Man lọ́dún 1980 àti Blue Velvet lọ́dún 1986. Ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń to ìtàn, èkejì kì í fẹ́ kí ìtàn tò tán. Àwọn méjèèjì ló dá Dale Cooper, òṣìṣẹ́ àjọ FBI tí Kyle MacLachlan ṣe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń tọ àlá lẹ́yìn láti fi wá apànìyàn, tí inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí ife kọfí bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Lynch tilẹ̀ máa ń gba ohun tí orí bá gbé wá. Frank Silva kì í ṣe òṣèré rárá, ara àwọn tó ń to àga àti tábìlì síbi tí wọ́n ti ń ya eré ni. Kámẹ́rà ṣèèṣì mú àwòrán rẹ̀ nínú dígí ara ògiri, Lynch kò sì jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni Silva ti di BOB, ẹ̀mí burúkú tí gbogbo ìtàn náà wá rọ̀ mọ́.

Òkìkí tó kàn lọ́dún náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n fi orúkọ eré náà sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Emmy mẹ́rìnlá. Wọ́n tẹ ìwé tí wọ́n pè ní ìwé àkọsílẹ̀ àṣírí Laura Palmer, èyí tí Jennifer, ọmọ Lynch, kọ, ó sì tà wàrà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, àwòrán Lynch ti wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Time.

Wàhálà ti wà nílẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 1990, apá mẹ́jọ àkọ́kọ́ parí. Àwọn òǹwòran ti múra tán láti gbọ́ orúkọ apànìyàn, àfi bí ẹnì kan ṣe yìnbọn fún Cooper lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tí wọ́n sì pa á tì síbẹ̀ di oṣù kẹsàn-án. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bob Iger, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka eré ní ABC nígbà náà, wà lára àwọn tó gbà pé kò yẹ kí wọ́n fi ìdáhùn pamọ́ fáwọn ènìyàn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí Lynch àti Frost sọ ọ́. Frost gbà pé gbèsè ni ìdáhùn náà jẹ́ lọ́rùn àwọn, pé ẹni tó bá pa àlọ́ fúnni gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Lynch kò fẹ́. Títí tó fi kú ló ń sọ pé ẹyẹ tó ń yé ẹyin wúrà ni ìbéèrè náà, pé wọ́n sì ní kí àwọn dúńbú ẹyẹ náà.

Kí a má ṣe dá ABC lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ, ó yẹ kí a mọ irú òwò tí wọ́n ń ṣe. Òǹwòran kì í san kọ́bọ̀ fún wọn. Àwọn oníṣòwò tó ń polówó ọjà ló ń sanwó, iye ojú tó bá sì wà níwájú tẹlifíṣàn lálẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń díye lé ìpolówó. Ilé iṣẹ́ Nielsen ló ń ka àwọn ojú náà, ìdílé ẹgbẹ̀rún díẹ̀ tí wọ́n ṣà jọ ni wọ́n sì fi ń mọ ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sí iye tí èèyàn lè kọ fún eré tí ọ̀dọ́ ń gbé sọ́kàn láti alẹ́ ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kejì. Iye àwọn òǹwòran sì ti ń fà sẹ́yìn lóòótọ́ láti ìgbà tí eré náà ti padà dé lóṣù kẹsàn-án.

Ohun tí mi ò lè forí jì wọ́n ni ti ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, tó máa ń jáde lọ fàájì lópin ọ̀sẹ̀, ló fẹ́ràn Twin Peaks jù lọ. ABC mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé e lọ, ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kì í sí nílé. Ẹni tó gbé ọjà rẹ̀ lọ síbi tí oníbàárà kò ní gbà kọjá kò lè wá sọ pé ọjà náà kò tà.

Lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 1990, wọ́n tú àṣírí náà. Leland Palmer ló pa Laura. Bàbá tó bí i lọ́mọ, tó gbé tẹlifóònù létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ni BOB gbé wọ̀. Lynch fúnra rẹ̀ ló darí apá náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bani di òní. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Leland kú, àwọn òǹkọ̀wé bá wẹ̀yìn, wọ́n rí i pé ó ku apá tó lé ní mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́dọ̀ kún. Wọn kò ní òkú mọ́, wọn kò sì ní apànìyàn. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ James gun alùpùpù kúrò nílùú, kó lọ kó sọ́wọ́ ìyàwó olówó kan tí kò bá ìtàn náà tan rárá. Mo ti wo apá wọ̀nyẹn nígbà méjì, mi ò rò pé mo lè wò wọ́n nígbà kẹta.

Ibí yìí ni èrò mi ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Lynch. Ìdáhùn náà kọ́ ló pa eré. Wọ́n túmọ̀ àlọ́ kan láì tíì ronú kan òmíràn, iṣẹ́ àwọn tó ni ìtàn sì ni èyí, kì í ṣe ti ABC. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ nínú eré yìí: ọ̀rọ̀ BOB, ọ̀rọ̀ igbó, ọ̀rọ̀ yàrá tó ní aṣọ ìkélé pupa. Ìtàn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ni.

Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 1991, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Iraq, ìròyìn ogun sì gba àyè eré lórí tẹlifíṣàn láwọn ọjọ́ kan. Láàárín oṣù náà kan náà ni Twin Peaks gba àmì ẹ̀yẹ Golden Globe gẹ́gẹ́ bí eré àtìgbàdégbà tó dára jù lọ. Nígbà tó máa fi di àárín oṣù kejì, ABC ti dá a dúró. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà sí ABC, èyí sì jẹ́ kí wọ́n dá a padà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, wọ́n gbé apá méjì tó kẹ́yìn jáde papọ̀. Cooper wọ inú yàrá pupa náà. Ẹni tó jáde níbẹ̀ wo dígí, ojú BOB ló rí.

Sinimá tí Lynch ṣe tẹ̀ lé e lọ́dún 1992, Fire Walk with Me, kò pa owó, ọ̀pọ̀ àwọn alárìíwísí sì bú u. Ọdún 2017 ni Showtime tó gba eré náà padà, apá 18, tí Lynch darí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 26 kì í ṣe ọjọ́ kan. Frank Silva ti kú lọ́dún 1995. Catherine Coulson, ìyá tó máa ń gbé ìtì igi mọ́ àyà kiri nínú eré náà, wà lórí àìsàn nígbà tí wọ́n ya ipa tirẹ̀ lọ́dún 2015, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.

Iger náà ti sọ tẹnu rẹ̀. Ó di ọ̀gá àgbà Disney lọ́dún 2005, nínú ìwé tó sì kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́dún 2019, ó gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí òun ṣe takú pé kí wọ́n dáhùn ló da ìtàn náà rú, pé ó lè jẹ́ Lynch ló gba ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo olówó ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwa náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Prime Video bá àwọn ilé iṣẹ́ Nàìjíríà bíi Inkblot àti Anthill ṣe àdéhùn, wọ́n sì gbé Gangs of Lagos tí Jáde Osiberu darí jáde lọ́dún 2023. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, Amazon ní òun kò ní náwó sí eré tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ọdún 1991 mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Òṣèré wa tí wọ́n ti ń bá ìtàn rẹ̀ dúnàá-dúrà, tí wọ́n sì pa á tì, kò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

Lálẹ́ tí Twin Peaks parí lọ́dún 2017, Cooper mú obìnrin kan tó jọ Laura lọ sílé àwọn Palmer. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ló ṣí i. Wọ́n dúró lójú títì, kò yé Cooper mọ́ ọdún tí wọ́n wà, obìnrin náà bá figbe ta, gbogbo iná ilé náà sì kú. Frost ṣì wà láyé, ó sì ti kọ ìwé méjì lórí ìlú náà. Lynch kò sí mọ́ láti sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, bó bá tilẹ̀ wà láyé, kò ní sọ ọ́.