Àpá Ti Dì Kí Àgbo Tó Dé

Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìju, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù, kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò júwe àgbo fún un, pé kó fi fọ ilé ọmọ kí àpá má bàa mú un nínú. Ẹ̀rù tí wọ́n fi ń ta àgbo náà nídìí. Ọgbẹ́ inú lè mú kí ilé ọmọ, ọ̀nà ẹyin àti ìfun lẹ̀ mọ́ra, kó di inú rírun tí kì í lọ, tàbí kó dí ọ̀nà oyún. Ní Scotland, wọ́n fi ọdún 10 tọpa àwọn tí wọ́n la inú wọn lọ́dún 1986. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1999, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ti padà sílé ìwòsàn nítorí ọ̀ràn tó jẹ mọ́ irú àpá bẹ́ẹ̀, tàbí tó ṣeé ṣe kó jẹ mọ́ ọn, tàbí nítorí iṣẹ́ abẹ inú míì tí àpá lè mú kó ṣòro. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn alágbo ni ọ̀rọ̀ àkókò.

Awọ fẹ́lẹ́ kan ló bo àwọn ẹ̀yà inú, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí abẹ bá gé e, tí aṣọ gbígbẹ bá ha á, tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró sí i lára, ara a ta nǹkan tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn sójú ọgbẹ́ náà. Ara fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí kò bá yọ́, ẹran a hù wọ inú rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀lé e, ó di àpá nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà fi ń yanjú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí kan náà ni aláìsàn wà ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń fa omi sí i lára, tí nọ́ọ̀sì ń bi í bóyá ó ti sò. Nígbà tí ìgò àgbo bá fi máa dé ọwọ́ rẹ̀, èyí tó máa dì ti dì. Ọwọ́ ẹni tó mú abẹ ni ìdènà wà: kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró dáadáa, kó má jẹ́ kí ara gbẹ, kó má fi ìbọ̀wọ́ oníyẹ̀fun ṣiṣẹ́. Amẹ́ríkà ti fòfin de irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2017, àpá inú sì wà lára ìdí rẹ̀.

Wọ́n á ní ṣebí ewé ni wọ́n fi ṣe oògùn ibà. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ará Ṣáínà, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Ṣùgbọ́n ó yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà, ó wọ̀n ọ́n, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn. Àwọn olùwádìí ti fi oyin sínú ikùn eku lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àpá sì dín kù. Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Èyí tí a bá fi ẹnu mu, àpòlúkù ló ń lọ. Ti lágbájá tó mu àgbo tó sì lóyún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lóyún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìju láìmu nǹkan kan, ẹni tó mu ún tí kò rí oyún kì í sì í ṣe ìpolówó. Ẹ tún ka ara ìgò náà dópin: lára ọ̀pọ̀ egbòogi tó ní nọ́ńbà NAFDAC, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ayù tó sì máa ń wà nínú àgbo lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fa àpá.

Kí wọ́n tó là yín ni kí ẹ bi dókítà ohun tó fẹ́ ṣe nípa àpá, kí ẹ sì sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún un. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dín kù gan-an tàbí tó dáwọ́ dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ pé àpá wà nínú ilé ọmọ fúnra rẹ̀; kó má fi oṣù mẹ́fà dán àgbo wò. Dókítà lè ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, kó rí àpá náà, kó sì gé e níbẹ̀. Kó mú ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ dání lọ.