Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ẹ̀rọ Bá Bàjẹ́

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, àwọn tó dá dúró, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Irú wọn wà láàárín wa ní Dallas àti agbègbè rẹ̀: ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́. Síbẹ̀, a rí lára wọn tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru tí owó kò dúró sí wọn lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ kò sì rí bàbá wọn nílé.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ìpè ni wọ́n ń dúró dè. Bí ẹ̀rọ kò bá bàjẹ́, kò sówó. Bí ẹ̀rọ mẹ́ta bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò sóorun.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú Grapevine tó wà nítòsí wa ṣe àpẹẹrẹ. Apá kan pápákọ̀ òfurufú DFW wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá bíi Gaylord Texan àti Great Wolf Lodge wà níbẹ̀, ọjà Grapevine Mills wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ sì wà káàkiri Main Street. Irú ibi báyìí kò lè ṣe kó má lo fíríìsà àti ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún GrapeFest, nígbà tí ooru Texas kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Tó bá di ìgbà Kérésìmesì, èrò á tún wọ́ wá, torí Grapevine ni wọ́n ń pè ní olú ìlú Kérésìmesì ní Texas.

Ẹni tó ní ilé oúnjẹ níbẹ̀ mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yìnyín bá dákẹ́ lọ́jọ́ Sátidé GrapeFest, ohun tóun máa pàdánù lè ju owó àtúnṣe lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àtúnṣe gan-an ló fẹ́ rà. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹ̀rọ náà má dákẹ́ nígbà tí èrò bá dé. Atúnṣe tó bá lóye èyí á lọ bá a ní oṣù kẹfà, kò ní dúró de ìpè ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí lẹ máa lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì bàjẹ́? Iṣẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Omi tó ní èròjà bí ẹfun nínú máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ yìnyín, yìnyín á sì máa pẹ́ kó tó jáde. Eruku máa ń bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń tú ooru dànù, èyí á sì mú kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ṣe làálàá títí á fi jóná. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ yìnyín ló sọ pé ó kéré tán, kí wọ́n máa fọ inú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bákan náà, nínú ìwé ìlànà oúnjẹ tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà gbé jáde, oúnjẹ ni wọ́n ka yìnyín sí. Bí ẹ bá ṣàlàyé èyí fún oníbàárà, á rí i pé ohun tó pọn dandan lẹ gbé wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Iye tí a máa lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní oníbàárà kan ń san $90 lóṣù, kí ẹ lè máa wá tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. $1,080 nìyẹn lọ́dún, tàbí $270 fún ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ogún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, $1,800 á máa wọlé lóṣooṣù kí fóònù tó dún rárá. Ìbẹ̀wò ọgọ́rin ni gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa yan ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ẹ wá lè mọ ọjọ́ tí ẹ máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Àmọ́ ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ kó yé tọ̀tún tòsì. Ẹ kọ ohun tó wà nínú $90 náà, ẹ sì kọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ pé owó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun yàtọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan ṣoṣo lè gbé èrè ọdún kan lọ. Ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì kọ iye tí ìpè òru tàbí ti ọjọ́ ìsinmi á jẹ́.

Ẹ tún yan irú ẹ̀rọ kan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ yìnyín lẹ yàn, ẹ mọ irú méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kí páàtì tó máa ń tètè lọ nínú wọn sì máa wà nínú ọkọ̀ yín. Atúnṣe tó bá parí iṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tó lọ síbẹ̀ kò ní sun epo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ẹ̀rọ tí gárántì rẹ̀ ti parí lọ. Nígbà tí gárántì ṣì wà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni olówó rẹ̀ máa kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá mọ iṣẹ́, tí kò sì jìnnà, ló máa wá.

Ẹ̀yin tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, òfin ti ń ràn yín lọ́wọ́. Òfin àpapọ̀ kan ti wà láti 1975, Magnuson-Moss Warranty Act, tí kò gbà kí ilé iṣẹ́ fagi lé gárántì ẹrù tí ènìyàn rà fún ìlò ara rẹ̀ kìkì nítorí pé ẹlòmíràn tún un ṣe. Ní 2025, ìpínlẹ̀ Texas náà ṣe òfin HB 2963, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2026. Ó ní kí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ wọ̀nyí máa jẹ́ kí atúnṣe tó dá dúró rí páàtì, irinṣẹ́ àti ìwé ìtọ́nisọ́nà. Ẹ̀yin tó ń bá ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, ẹ má gbójú lé òfin méjèèjì yìí. Ẹ ka ìwé gárántì ẹ̀rọ náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹnikẹ́ni tó bá máa tú ibi tí gáàsì fíríìjì wà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí Section 608 ti àjọ EPA. Àjọ TDLR ní Texas ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti ti ẹ̀rọ amúǹkantutù. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí iṣẹ́ yín ń fẹ́. Ẹ má ṣe gbàgbé ìnṣọ́ránsì, torí omi tó bá ya sílẹ̀ lálẹ́ lè ba odindi ilé oúnjẹ jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ la sì ń bá wí. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, oníbàárà lè dúró ti atúnṣe, kó máa wo bó ṣe ń tú fóònù rẹ̀. Ní Grapevine, ó lè jẹ́ ìgbà tí ilé oúnjẹ bá ti pa ni bàbá yín máa wọlé ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń sanwó kò sí níbẹ̀. Ìwé ló máa bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀: ọjọ́ tí wọ́n wá, ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n ṣe, páàtì tó ti ń rẹ̀, àti àwòrán bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà nísinsìnyí. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín yá lórí fóònù lè ṣètò ìwé yìí fún òbí yín, kí ẹ sì mọ bí owó ṣe ń wọlé, bó sì ṣe ń jáde. Iṣẹ́ tó ní orí ni, kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù.

Kí ìwé náà sì jẹ́ òótọ́. Bí àtúnṣe bá máa gbà ju ìdajì owó ẹ̀rọ tuntun lọ, tí ẹ̀rọ náà sì ti gbó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ lè pàdánù owó ọjọ́ náà, àmọ́ ẹ̀yin ló máa bi léèrè èyí tó yẹ kó rà, ẹ̀yin náà ló sì ṣeé ṣe kó ní kó máa tọ́jú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó pè yín láti ọdún tó kọjá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé àdéhùn lọ.