Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Náà Ní "B"?

Nínú dánfó láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, mo rí ìyá kan tó fi ìborùn bo ojú ọmọ rẹ̀. Ètè ọmọ náà là. Ẹnìkan ní àfọwọ́fà ìyá ni. Irọ́ ni! Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 7 nínú oyún ni ètè máa ń pàdé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Nígbà mìíràn, kì í pàdé tán. Bí àjà ẹnu náà bá là, èémí á máa gba imú jáde, "b" á sì dún bí "m".

Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn abẹ ńkọ́? Èrò mi ni pé ó yẹ kí ẹ̀ka wa máa rán wa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àbí kí la ń kọ́ fònẹ́tíìkì fún?